Òfin Ojú Ẹsẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹjọ́ Nígbà Tí Aṣeré Bá Fẹ́ Fi Àyíká Jà Nínú Dungeons & Dragons

Ẹni tó bá ti jókòó ti eré Dungeons & Dragons rí mọ̀ pé kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń kúrò lórí idà àti ọfà. Jagunjagun kan dúró lórí òkè, ó rí àwọn ìtì igi gẹdú tí wọ́n tò jọ, tí wọ́n sì fi okùn dì mọ́ èèkàn, àwọn ọ̀tá sì ń gun òkè náà bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Aṣeré tó ni jagunjagun yìí wá sọ pé òun kò fẹ́ yọ idà sí ẹnikẹ́ni, pé okùn yẹn gan-an lòun fẹ́ gé. Gbogbo ojú á yí padà sí olùdarí eré, nítorí pé kò sí ojú ìwé kankan nínú ìwé òfin tó sọ bí ìtì igi ṣe ń yí lu ènìyàn. Ohun tí olùdarí bá sọ nígbà náà ni òfin, ibẹ̀ sì ni ìdààmú ti máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í darí eré. Àwọn kan á ní kò ṣeé ṣe. Àwọn kan á jẹ́ kí igi pa gbogbo ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn á máa tú ìwé títí ìtàn yóò fi tutù lẹ́nu wọn. Kò sí èyí tó pọn dandan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí pé ìwé òfin fúnra rẹ̀ ti fi irinṣẹ́ tó tó sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n wà.

Fún ẹni tí kò tíì ṣe eré náà rí, ènìyàn díẹ̀ ló máa ń jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí eré: òun ló ń sọ bí ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀ ṣe rí, òun ló sì ń ṣe àkóso àwọn ọ̀tá àti àwọn abàmì ẹ̀dá gbogbo. Àwọn yòókù ni aṣeré, olúkúlùkù wọn ló ní ẹ̀dá-ìtàn kan tó ń pinnu ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí kò bá dájú bóyá ohun tí ẹ̀dá-ìtàn fẹ́ ṣe yóò yọrí, aṣeré á ju dáìsì. Dáìsì lúdò tí gbogbo wa mọ̀ ní ojú mẹ́fà. Èyí tí wọ́n ń lò jù lọ nínú eré yìí ní ojú 20, àwọn olójú 4, 6, 8, 10 àti 12 sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Aṣeré á ju dáìsì olójú 20, á fi iye tí agbára tàbí ìyára ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ fún un kún un, bí àròpọ̀ rẹ̀ bá sì tó òǹkà ìṣòro tí olùdarí gbé kalẹ̀, ohun náà ti yọrí nìyẹn. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tún ní iye ẹ̀mí, èyí tí ìpalára ń dín kù; tó bá ti di òdo, ẹ̀dá náà ṣubú. Ìjà ń lọ ní ìyípo-ìyípo, ìyípo kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà nínú ìtàn, bó bá sì kan ẹnì kan, ìṣe pàtàkì kan ṣoṣo ló lè ṣe.

Ó yẹ ká mọ̀ pé àṣẹ tí olùdarí ní láti dá òfin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe pé ìwé kò pé ló fà á. Láti inú àṣẹ yẹn gan-an ni eré náà ti jáde. Ní ọdún 1824, ní ilẹ̀ Prussia tó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́ ológun kan tó ń jẹ́ Reisswitz gbé eré ogun kan jáde tí wọ́n ń pè ní Kriegsspiel, èyí tí àwọn ọ̀gá ológun fi ń kọ́ bí a ti ń jagun lórí àwòrán ilẹ̀. Ó ní dáìsì, ó ní òfin púpọ̀, ó sì ní adájọ́. Àwọn òfin náà pọ̀ débi pé ó máa ń sú àwọn ológun, nígbà tó sì di ọdún 1876, ọ̀gágun Julius von Verdy du Vernois kọ̀wé pé kí wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú òfin wọ̀nyẹn tì, kí adájọ́ tó ti rí ogun rí máa fi ìrírí rẹ̀ dá ẹjọ́. Ní ọdún 1969, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, David Wesely ṣe adájọ́ eré ogun kan tó sọ ní Braunstein, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀ nínú ìlú kan, àwọn aṣeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí òun kò múra sílẹ̀ fún. Dave Arneson wà lára àwọn tó ṣe eré yìí, òun àti Gary Gygax ló sì gbé Dungeons & Dragons jáde ní ọdún 1974. Nítorí náà, olùdarí tó dá òfin sílẹ̀ nípa ìtì igi kò rú òfin eré, iṣẹ́ tí wọ́n dá ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún ló ń ṣe.

Síbẹ̀, kí olùdarí tó dá ohun tuntun sílẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó ti wà nílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn rò pé kò sí nínú ìwé ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá já bọ́ láti ibi gíga ń gba ìpalára dáìsì olójú 6 kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan tó já, kò sì lè ju dáìsì 20 lọ, ìyẹn ni pé ẹni tó já láti ẹsẹ̀ bàtà 200 àti ẹni tó já láti 1,000 ń gba ìpalára kan náà. Títi ọ̀tá sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5 wà nínú òfin, kìkì pé ọ̀tá náà kò gbọdọ̀ fi ju ipele ìtóbi kan lọ tóbi ju ẹni tó ń tì í. Àpò òróró fìtílà tí wọ́n da sílẹ̀ tí wọ́n sì dáná sí ń jó fún ìyípo méjì, ó sì ń fi ìpalára 5 jẹ ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ tàbí tó dúró síbẹ̀. Orí yìnyín tó ń yọ̀, òfin wà fún un. Nítorí náà, bí aṣeré bá ní òun fẹ́ ti ọ̀tá kúrò lórí àpáta, kò sí ohun tí olùdarí ní láti dá sílẹ̀: títì ni, lẹ́yìn náà jíjá bọ́ ni. Ṣe ni kó so òfin méjì tó ti wà pọ̀.

Ibi tí òfin kò dé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sì yẹ kí olùdarí bi ara rẹ̀ ni bóyá iyè méjì kankan wà nínú ohun tí aṣeré fẹ́ ṣe. Okùn kò lè sá, kò lè fi apata gba idà. Bí kò bá sí ọ̀tá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jagunjagun náà tó lè dí i lọ́wọ́, kí ló kù tí a fẹ́ ju dáìsì lé lórí? Lóòótọ́, ìwé tó jáde ní ọdún 2014 ní òǹkà ààbò, ìyẹn iye tí àròpọ̀ dáìsì ẹni tó ń ṣá nǹkan gbọ́dọ̀ tó kó tó bà á, fún àwọn ohun tí kò lẹ́mìí: aṣọ àti okùn jẹ́ 11, yìnyín àti dígí 13, igi 15, òkúta 17, irin 19. Òǹkà wọ̀nyí wúlò nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọfà já okùn láti ọ̀nà jíjìn, tàbí tó fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn kí ọ̀tá tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ti okùn pẹ̀lú idà lọ́wọ́ ti gé e náà nìyẹn. Ohun tó san fún un ni ìṣe kan ṣoṣo tó ní nínú ìyípo yẹn, èyí tí ì bá fi ṣá ọ̀tá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ iye ìgbà tí a ń ju dáìsì, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àṣìṣe pọ̀ jù, ó sì jẹ́ àṣìṣe tí olùdarí lè máa ṣe fún ọdún púpọ̀ láìfura. Olùdarí tó fẹ́ kí nǹkan rí bí òótọ́ á ní kí aṣeré ju dáìsì kó lè sáré dé ibi igi, kó tún ju òmíràn láti gé okùn, kó tún ju ẹ̀kẹta láti mọ̀ bóyá igi yí sí ibi tó yẹ. Dáìsì kọ̀ọ̀kan dà bí ohun tó rọrùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí òǹkà ìṣòro bá jẹ́ 13, tí ẹ̀dá-ìtàn sì ní 5 láti fi kún dáìsì rẹ̀, ó nílò 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí dáìsì olójú 20, ìyẹn ojú 13 nínú 20, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ìdá 65 yẹn ti di nǹkan bí 42. Bó bá gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di 27. Ẹni yìí kan náà, tó bá kàn fi idà ṣá ọ̀tá tí òǹkà ààbò rẹ̀ jẹ́ 15, yóò bà á ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú dáìsì ẹyọ kan.

Ohun tí òǹkà yìí ń sọ fún aṣeré yé e yékéyéké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣírò rẹ̀ rí. Yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, yóò kùnà, yóò tún gbìyànjú nínú ìjà mìíràn, yóò kùnà, lẹ́yìn náà kò ní wo àyíká mọ́. Òkè, odò, ilé tó ń jó, afárá tó ti gbó, gbogbo ohun tí olùdarí fi ẹnu rere ṣàpèjúwe á di àwòrán ara ògiri. Ó máa ń dùn mí láti rí tábìlì tó ti rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn aṣeré náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Dáìsì ló ti kọ́ wọn pé idà nìkan ló ń sanwó. Dáìsì kan fún ìpinnu kan ni mo máa ń gba olùdarí níyànjú sí: bóyá kí ẹ̀dá-ìtàn jù ú láti fi ṣe nǹkan, tàbí kí ọ̀tá jù ú láti fi já bọ́ nínú rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ méjèèjì pọ̀ àfi tí ìdí gidi bá wà.

Bí olùdarí bá rò pé ohun kan le jù tàbí rọrùn jù, ọ̀nà tó dára wà láti fi í hàn láìfi dáìsì kún dáìsì. Òǹkà ìṣòro ní ìpele tirẹ̀ nínú ìwé: 5 fún ohun tó rọrùn gan-an, 10 fún èyí tó rọrùn, 15 fún èyí tó wà láàárín, 20 fún èyí tó le, 25 fún èyí tó le gan-an, 30 fún èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe. Nínú ìjà, 10 sí 15 ló máa ń tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan tó jẹ mọ́ àyíká. Ọ̀nà kejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní àǹfààní, níbi tí aṣeré ti ń ju dáìsì olójú 20 méjì tó sì ń mú èyí tó ga, àti òdì kejì rẹ̀ níbi tó ti ń mú èyí tó kéré. Ìdá 65 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ń di nǹkan bí 88 bí àǹfààní bá wà. Ẹni tó ní òun fẹ́ da iyanrìn sí ọ̀tá lójú kó tó ṣá a, ẹ fún un ní àǹfààní, kó ju dáìsì rẹ̀, kí ìtàn máa lọ.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni iye ìpalára. Ibí yìí ni ìjiyàn ti máa ń pọ̀, nítorí pé aṣeré tó mọ nǹkan díẹ̀ nípa ìwọ̀n nǹkan á sọ pé igi yẹn wúwo ju mọ́tò lọ, pé ta ni yóò yè é? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iye ẹ̀mí nínú eré yìí kì í ṣe ẹran ara nìkan. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ara líle wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ láti wà láàyè wà nínú rẹ̀, oríire náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó pàdánù iye ẹ̀mí 11 lábẹ́ igi lè jẹ́ ẹni tí igi náà gbá ní èjìká bó ti ń fò kúrò lọ́nà, tó sì ń mí gúlegúle. Bí a bá fi ìwọ̀n ohun gidi ṣe òfin, kò ní sí ìjà tó máa kọjá ìyípo kan, àwọn ẹ̀dá-ìtàn sì ni yóò kọ́kọ́ kú, nítorí pé ohun tí wọ́n lè fi ṣe ọ̀tá ni ọ̀tá náà lè fi ṣe wọ́n.

Ìwé olùdarí ti ọdún 2014 ní àtẹ kan tó ṣe iṣẹ́ yìí tán, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ olùdarí kò tíì ṣí i rí. Ó fi dáìsì olójú 10 díwọ̀n ohun gbogbo: ẹni tí ẹyin iná jó tàbí tí àpótí ìwé wó lù gba dáìsì kan, ẹni tí mànàmáná bà tàbí tó kọsẹ̀ sínú kòtò iná gba méjì, ẹni tí òkúta ya lù nínú ihò tó ń wó gba mẹ́rin, ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú odò àpáta yíyọ́ gba mẹ́wàá, ẹni tó rì sínú rẹ̀ pátápátá gba 18. Ìwé náà tún so àwọn òǹkà yìí mọ́ ipele ẹ̀dá-ìtàn, ìyẹn bí ìrírí àti agbára rẹ̀ ti ga tó. Fún ẹni tó wà ní ipele 1 sí 4, dáìsì kan jẹ́ ìdíwọ́ lásán, méjì jẹ́ ewu, mẹ́rin lè pa á. Fún ẹni tó wà ní ipele 5 sí 10, méjì ló jẹ́ ìdíwọ́, mẹ́rin ló jẹ́ ewu, mẹ́wàá ló lè pa á. Dáìsì olójú 10 kan ń fúnni ní 5.5 ní ìpíndọ́gba, nítorí náà méjì jẹ́ 11, mẹ́rin sì jẹ́ 22. Olùdarí tó bá há ìlà méjì tàbí mẹ́ta nínú èyí sórí kò nílò láti ṣí ìwé mọ́ nígbà ìjà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí òkè wa, ká ṣe é tán. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn wà ní ipele kẹta. Goblin mẹ́rin, àwọn abàmì ẹ̀dá kéékèèké, ló ń gun òkè bọ̀, ogre kan, abàmì ẹ̀dá tó tóbi bí òmìrán, sì ń tẹ̀ lé wọn. Nínú ìwé ọdún 2014, goblin ní iye ẹ̀mí 7, ogre ní 59. Igi tó ń yí bọ̀ jẹ́ ewu fún ipele yìí, nítorí náà dáìsì olójú 10 méjì. Okùn gígé kò nílò dáìsì, ṣùgbọ́n ọ̀tá kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ọ̀nà yóò ju dáìsì àjàbọ́, yóò fi ìyára rẹ̀ kún un, òǹkà ìṣòro rẹ̀ sì jẹ́ 13. Ẹni tó bá kùnà gba ìpalára náà lódindi, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹni tó bá yege gba ìdajì, ó wà lórí ìdúró. Goblin ní 2 láti fi kún dáìsì rẹ̀ nínú ọ̀ràn ìyára, nítorí náà ìdajì-ìdajì ni tirẹ̀. Ogre kò yára, 1 ni a ó yọ kúrò nínú tirẹ̀, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sì fi lè já bọ́. Bí dáìsì méjì náà bá mú 11 wá, goblin tó kùnà ti kú, èyí tó yege gba 5, ó ku 2 fún un. Ogre tó kùnà gba 11, ó ku 48, ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀, àwọn tó bá sún mọ́ ọn sì ní àǹfààní láti ṣá a kó tó dìde.

Ẹnì kan lè sọ pé ìyẹn pọ̀ jù, pé ìṣe kan ṣoṣo kò yẹ kó pa goblin méjì tàbí mẹ́ta. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Igi náà kò ní sí níbẹ̀ mọ́ ní ìyípo tó ń bọ̀, wọn kò sì lè gbé e lọ sí ìjà mìíràn. Ohun tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan péré, tó sì gba pé kí ẹ̀dá-ìtàn gun òkè kó tó dé ìdí rẹ̀, yẹ kó dára ju ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà ń ṣe lójoojúmọ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni yóò mú un gùn ún? Ibi tó ti yẹ kí olùdarí mú ọwọ́ le ni ohun tí wọ́n lè dì sínú àpò. Bí ó bá jẹ́ kí ìkòkò òróró kan ṣoṣo máa fi dáìsì olójú 10 méjì jó gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, wọn yóò ra ogún ìkòkò ní ọjà tó kàn, oṣó tó wà láàárín wọn yóò sì wo ọfọ̀ iná tó ti kọ́, yóò rí i pé òróró fìtílà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìdí nìyí tí ìwé fi fún òróró tó ń jó ní ìpalára 5 péré.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní àyíká ló yẹ kó ṣe ìpalára. Nígbà mìíràn ohun tó wúlò jù ni kí ọ̀tá má lè ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ wo omi. Aṣeré máa ń sọ pé òun fẹ́ ri orí ọ̀tá bọ odò títí yóò fi kú, ṣùgbọ́n nínú òfin, ẹ̀dá lè sé èémí fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán bí ìfaradà rẹ̀ kò bá burú, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ ìyípo mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ìjà kì í sábà dé ìyípo márùn-ún. Bí olùdarí bá fi ìpalára sí i, ó ti tako òfin tó wà. Bí ó bá ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti pa èrò tó dára. Ohun tó yẹ kó wò ni pé oṣó tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ omi kò lè sọ̀rọ̀ ketekete, ọ̀pọ̀ ọfọ̀ ni kò sì ṣeé lò láìfọhùn. Aṣeré náà ti di oṣó lẹ́nu, ó sì lè dára ju pé kó fi idà ṣá a lọ.

Èéfín náà ní ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Èéfín tó nípọn ń sọ ẹni tó ń wo inú rẹ̀ di afọ́jú: ẹni tí kò ríran ń ju dáìsì méjì, ó ń mú èyí tó kéré, ẹni tó bá sì ń ṣá ẹni tí kò ríran ń mú èyí tó ga. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú èéfín kan náà, àǹfààní àti òdì kejì rẹ̀ á pa ara wọn rẹ́, wọn á sì máa ju dáìsì kan bí ẹni pé kò sí èéfín rárá. Ó dà bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn. Bí aṣeré bá dáná sun ewé tútù kí èéfín lè bo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń sá, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ààbò gidi ló fún wọn: ọ̀pọ̀ ọfọ̀ ni oṣó kò lè lò sí ẹni tí kò rí. Ẹ má wá ìpalára lọ síbẹ̀.

Ohun tí olùdarí bá fi ṣe ọ̀tá báyìí gbọ́dọ̀ ní òpin. Ẹni tí iyanrìn wọ ojú rẹ̀ kì í fọ́jú títí láé. Kó jẹ́ títí dìgbà tí ó bá tún kàn án, tàbí títí yóò fi lo ìṣe rẹ̀ láti nu ojú. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń jó, kó gba dáìsì olójú 4 kan nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn án, títí òun tàbí ẹlòmíràn yóò fi pa iná náà. Mo fẹ́ràn irú òpin yìí nítorí pé ó ń fún ọ̀tá náà ní ìpinnu láti ṣe: ṣé kó jó kó sì máa jà, àbí kó dúró pa iná?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó kàn ẹ̀tọ́ láàárín olùdarí àti aṣeré. Kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́, aṣeré gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fi sí ewu. “Bí o bá gé okùn yẹn, ìṣe rẹ ní ìyípo yìí ti lọ. Ọ̀tá ló máa ju dáìsì, 13 ni òǹkà rẹ̀, ẹni tó bá kùnà á ṣubú. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jà ní ìsàlẹ̀ yẹn náà wà lójú ọ̀nà. Ṣé o ṣì fẹ́ gé e?” Gbólóhùn díẹ̀ báyìí ni, ṣùgbọ́n òun ló ń ya òfin ojú ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìfagbáraṣe. Ẹ̀dá-ìtàn dúró lórí òkè, ó ń fojú ara rẹ̀ wo ibi tí igi máa gbà. Ohun tó rí yìí kò gbọ́dọ̀ pamọ́ fún aṣeré tó jókòó sídìí tábìlì. Bí aṣeré bá gbọ́ ọ, tó yí ọkàn padà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí kò bá fara mọ́ òǹkà tí olùdarí mú, kó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí olùdarí gbọ́, kó pinnu, kí wọ́n máa bá ìjà lọ. Àríyànjiyàn tó kù, kí ó di ẹ̀yìn eré.

Ẹ̀yìn eré yẹn náà ló yẹ kí àtúnṣe ti wáyé. Bí olùdarí bá rí i pé òun ti fún nǹkan ní agbára jù, kó má yí i padà láàárín ìjà tí aṣeré ti gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí ó sọ fún gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá tún pàdé pé láti òní lọ, báyìí ni yóò ṣe máa rí, kí ó sì lo òǹkà tuntun náà fún àwọn ọ̀tá pẹ̀lú. Ó yẹ kó ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń kọ ẹjọ́ tó dá sí, kí ó má baà di pé ohun tó jẹ́ dáìsì méjì lónìí yóò di mẹ́rin lọ́la nítorí pé ó gbàgbé. Kò ní láti gùn: “Ìtì igi tó yí: dáìsì olójú 10 méjì, òǹkà 13, ìdajì fún ẹni tó já bọ́, ẹni tó kùnà ṣubú.” Nígbà tí goblin bá wá yí òkúta lu àwọn ẹ̀dá-ìtàn láti orí òkè mìíràn, ìlà kan náà yẹn ni olùdarí yóò kà sókè, àwọn aṣeré yóò sì ju dáìsì àjàbọ́ wọn láìjiyàn.